Ìyalulẹ̀ òjò dídì lórí òkè Colorado: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Denver, kò sí ìgbà òtútù kan tí ẹnìkan nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí kì í bi mí ní ọ̀rọ̀ òkè. Àwọn ọmọ wa ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn lọ síkì, ìyẹn kí èèyàn so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, kó máa yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òjò dídì. Wọ́n ń wọ bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rìn lórí òjò dídì, wọ́n sì ń jáde nílé láago márùn-ún àárọ̀ Sátidé. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ wa nílé bí a ṣe ń ka irú òkè báyìí. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn mọ ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Ta ló mọ ojú òjò dídì tó fẹ́ ya?

Kí ni ìyalulẹ̀ òjò dídì gan-an?

Ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní avalanche ni. Òjò dídì á ti máa kó jọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láti oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ kan, á já, á sì yọ̀ wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Oríṣi kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo, tí á máa fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìyẹn kì í sábà pani. Èyí tó ń pani ni èyí tó ń já bíi pátákó: òjò dídì tó wà lókè ti gan pọ̀, ó sì gun orí ìpele kan tí kò dì mọ́ra. Bí ìpele ìsàlẹ̀ yẹn bá fọ́, odidi pátákó náà á là lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ó ti ń sáré bí ọkọ̀ tó wà ní òpópónà márosẹ̀, 100 kìlómítà ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò dídì ni mo pè é, bó ṣe wà nínú Bíbélì. Yìnyín tí a mọ̀ nílé, tó ń kán lu páànù tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ, nǹkan mìíràn ni.

Kí ló dé tí ti Colorado fi burú tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá lóye ìdáhùn èyí ti lóye ìdajì ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Òjò dídì àkọ́kọ́ máa ń rọ̀ ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, kì í sì í nípọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run lè mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òtútù máa mú burúkú lóru. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òjò dídì yẹn kì í tutù tó ojú rẹ̀. Nǹkan bíi 0°C ló máa ń wà, nígbà tí ojú rẹ̀ lókè lè wà ní 20 dígírì sísàlẹ̀ òdo. Tí gbogbo nínípọn rẹ̀ kò bá wá ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ wo bí ìyàtọ̀ ooru náà ṣe pọ̀ tó láàárín ibi kékeré. Ọ̀rinrin á máa ti ìsàlẹ̀ gòkè, á máa lẹ̀ mọ́ àwọn horo òjò dídì, á sì máa dì síbẹ̀. Horo tó kéré tẹ́lẹ̀ á tóbi, á yọ igun, á máa dán. Bó ṣe ń tóbi bẹ́ẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ mọ́.

Àwọn ará ibí ń pè é ní òjò dídì oníṣúgà. Lọ́wọ́ tèmi, gaàrí ni. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ìyalulẹ̀ gbẹ́ ihò fún wa ní ẹ̀gbẹ́ Berthoud Pass, ọ̀nà kan tó gba orí òkè kọjá, ó ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti kan koríko. Mo bù ú, mo fún un, mo fẹ́ mọ ọ́n bí àwọn ọmọdé ṣe ń mọ òjò dídì sí bọ́ọ̀lù. Ó kọ̀. Ó ń dà sílẹ̀ láàárín ìka mi bíi gaàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n yan gbẹ. Mo wo òkè ihò náà: òjò dídì tó gan, tó ju mítà kan lọ ní nínípọn, gbogbo rẹ̀ ló jókòó lé gaàrí yẹn. Ẹ da gaàrí gbígbẹ sórí páànù òrùlé tó dagun, kí ẹ wá gbé pákó ńlá lé e lórí. Kí ló di pákó náà mú?

Òjò dídì oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ni pákó yẹn. Gaàrí oṣù kẹwàá ṣì wà nísàlẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Òjò dídì kì í gbàgbé. Ohun tó ń pa èèyàn ní oṣù kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù kẹwàá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àwọn òkè tó sún mọ́ òkun Pàsífíìkì, ní ìpínlẹ̀ Washington àti California, òjò dídì máa ń tètè nípọn, òtútù wọn kò sì le tó tiwa, nítorí náà horo máa ń tètè dì mọ́ra. Kì í ṣe pé kò sí ewu níbẹ̀ o. Ní Wellington, ní Washington, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1910, ìyalulẹ̀ gbá ọkọ̀ ojú irin méjì tí òjò dídì ti há mọ́, èèyàn 96 sì kú. Àmọ́ ewu tiwọn sábà máa ń bá ìjì wọlé, kí ó sì bá ìjì jáde. Tiwa máa ń dúró de èèyàn nígbà tí oòrùn ti yọ, tí ojú ọ̀run ti mọ́, tí gbogbo nǹkan rẹwà.

Èèyàn mélòó ló ń kú?

Ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, nǹkan bíi 25 sí 30 ní ìgbà òtútù kan. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń pàdánù èèyàn sí i tó Colorado. Ní ìgbà òtútù 2020 sí 2021, èèyàn 37 ló kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè, 12 nínú wọn ní Colorado. Gaàrí ìsàlẹ̀ pọ̀ lọ́dún yẹn.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé nínú èèyàn mẹ́wàá tí ìyalulẹ̀ gbé, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ já. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí: ohun tí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ já ni, ó sì ṣeé yẹra fún.

Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ pariwo lórí òkè?

Rárá. Ohùn èèyàn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ara yín ló ń fọ́ ìpele tó wà nísàlẹ̀. Ẹ pariwo dáadáa tí ẹ bá rí ewu.

Irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wo ló léwu?

Èyí tó ga láti 30 dígírì sí 45, èyí tó wà ní àyíká 38 sì burú jù. Tó bá rẹlẹ̀ ju 30 lọ, pátákó kì í sábà yọ̀. Tó bá ga gan-an, òjò dídì á ti máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kó jọ. Ó dunni pé àárín yẹn gan-an ló dùn ún síkì jù.

Ojú kò lè díwọ̀n rẹ̀, ẹ má tan ara yín. Ẹ ra ohun ìwọn kékeré tàbí kí ẹ lo ti orí fóònù, ẹ sì wo àwòrán ilẹ̀ tó fi àwọ̀ ya ibi tó ju 30 dígírì lọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ojú lè rántí, àkàsọ̀ inú ilé alájà méjì sábà máa ń ju 30 dígírì lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ lè dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè orí yín wá já, nítorí pé ìpele gaàrí náà so pọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó bá ti fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ìfọ́ náà lè sáré gòkè lọ. Nítorí náà ẹ máa wo ohun tó wà lókè yín, kì í ṣe ohun tó wà lábẹ́ yín nìkan.

Kí ni àwọn nọ́ńbà tí CAIC ń gbé jáde túmọ̀ sí?

CAIC ni Colorado Avalanche Information Center, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń sọ ipò òjò dídì lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà wọn jẹ́ márùn-ún: 1 jẹ́ àwọ̀ ewé, 2 àwọ̀ ìyeyè, 3 àwọ̀ ọsàn, 4 pupa, 5 dúdú.

Nọ́ńbà 3 ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé 3 nínú 5 jẹ́ àárín, bíi máàkì tó ṣáà tó yege nínú ìdánwò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè, ewu kì í fi ọ̀kan ọ̀kan pọ̀ sí i, ìlọ́po ni. Ní 3, ó ṣeé ṣe kí òjò dídì fúnra rẹ̀ ya, bí èèyàn bá sì gun ibi tí kò dára, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó ya. Ní 4 àti 5, ẹ̀rù ti ba gbogbo èèyàn, wọ́n ti jókòó sílé. Ní 3, oòrùn lè máa ràn, ojú ọ̀nà á kún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ikú ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ má ka nọ́ńbà nìkan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí wọ́n máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ òkè tí ewu wà, bóyá àríwá tàbí ìlà oòrùn, bóyá lókè ibi tí igi parí sí tàbí nínú igbó, àti ohun tó fà á. Bí ẹ bá rí i kà pé ìpele tí kò dì mọ́ra wà nísàlẹ̀, gaàrí ni wọ́n ń wí.

Kí ni mo lè fojú ara mi rí tó máa kìlọ̀ fún mi?

Bí ẹ bá rí ibi tí òjò dídì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ya nítòsí, òkè ti sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá dún gbìì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n lára pé ó rì díẹ̀, ìpele ìsàlẹ̀ ló fọ́ yẹn. Ẹ padà lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni kí ẹ gbà padà. Bí ìlà bá là láti ìdí síkì yín tó sì sáré lọ síwájú bíi kírákì lára dígí, ọ̀kan náà ni.

Atẹ́gùn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í kà sí. Wọ́n á ní, “Òjò dídì kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin.” Atẹ́gùn lè kó òjò dídì láti ẹ̀gbẹ́ kan òkè dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe ń rọ̀ láti ọ̀run. Bí ẹ bá rí i tó ń rú bí èéfín lórí ṣóńṣó òkè, pákó tuntun ló ń tò sí ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn. Ooru òjijì náà ń kóni sí wàhálà.

Ojú ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ìyẹn kò fi hàn pé ibẹ̀ dára?

Kò fi hàn rárá. Ẹni mẹ́wàá lè kọjá, kí ẹni kọkànlá tẹ ibi tí pákó ti fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sheep Creek, nítòsí Loveland Pass, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2013. Àwọn mẹ́fà ni, wọ́n mọ òkè, wọ́n ní irinṣẹ́, wọ́n sì ti mọ ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ náà sọ. Wọn kò tilẹ̀ fẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó léwu náà, ńṣe ni wọ́n fẹ́ gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ síbi tó dára. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tó já lókè orí wọn, títí dé ilẹ̀, lórí gaàrí ìsàlẹ̀. Àwọn márùn-ún kú, ẹnìkan ṣoṣo ló yè. Láti ọdún 1962, tí òjò dídì ya lu ilé àwọn èèyàn ní Twin Lakes tí méje sì kú, Colorado kò tíì rí irú rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti bú òkú. Mo sọ ọ́ torí pé ìmọ̀ wà, irinṣẹ́ wà, oṣù kẹrin sì ti wọlé tí àwọn míì ń rò pé ewu ti lọ.

Irinṣẹ́ wo ló pọn dandan?

Mẹ́ta, lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: beacon (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹni tí òjò dídì bò wà), ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún òjò dídì wá èèyàn, àti ṣọ́bìrì onírin. Beacon ń fi àmì rédíò ránṣẹ́ lórí 457 kHz, gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló sì ń lo ọ̀kan náà, kí ti ẹnìkan lè gbọ́ ti èkejì. Ẹ wọ̀ ọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ tàn án kí ẹ tó kúrò nídìí mọ́tò, kí fóònù sì jìnnà sí i ó kéré tán 20 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá ń fi wá ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó 50.

Báàgì afẹ́fẹ́ ń ṣèrànwọ́. Bí a bá ń mi atẹ ẹ̀wà, ohun tó tóbi máa ń bọ́ sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni báàgì tó wú ṣe ń gbé èèyàn sókè nínú òjò dídì tó ń sáré. Àmọ́ kò lè gbà yín lọ́wọ́ igi àti àpáta.

Fóònù kì í ṣe beacon. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tó jáde pẹ̀lú fóònù àti ìgò omi nìkan.

Bí ó bá gbé mi ńkọ́?

Ẹ pariwo kí àwọn yòókù lè wò yín. Ẹ gbìyànjú láti yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ju ọ̀pá ọwọ́ nù, ẹ jà láti wà lókè. Bó bá ti ń dúró, ẹ gbé ọwọ́ síwájú ẹnu àti imú kí àyè èémí lè wà, torí bó bá ti dúró tán, á gan bíi kọnkéré, ẹ kò ní lè gbé ìka.

Bí ó bá gbé ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?

Ẹ̀yin ni ìrètí rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n hú jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè. Tó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, ó ti di nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta. Hẹlikópítà kò lè dé láàárín àkókò yẹn.

Ẹ má gbé ojú kúrò níbi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ẹ wò bóyá òmíràn kò tún ní já lé yín lórí. Bí ẹ bá pọ̀, kí ẹnìkan pe 911, kí àwọn yòókù yí beacon wọn sí ti wíwá. Bí ẹ bá rí ìbọ̀wọ́ tàbí síkì lórí òjò dídì, ẹ fà á, ẹ wò bóyá ó wà lára ẹni. Nọ́ńbà ojú beacon á máa kéré sí i bí ẹ ṣe ń súnmọ́. Níbi tó bá ti kéré jù, ẹ fi ọ̀pá gún un, kí àlàfo ìgún kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 25 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀pá tó bá kan ara èèyàn yàtọ̀, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà díẹ̀, ẹ gbẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má gbẹ́ láti òkè orí rẹ̀. Ojú, ẹnu àti imú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀.

Gbígbẹ́ yìí ló ń gba àkókò jù. Ẹ lọ gbá òjò dídì ẹ̀yìnkùlé yín jọ, kí ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní mítà kan, kí ẹ wo aago. Ẹ máa rí ohun tí mò ń sọ.

Mi ò ń síkì, mọ́tò ni mò ń wà kọjá. Ṣé ó kàn mí?

Díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà máa ń fi àdó abúgbàù mọ̀ọ́mọ̀ ya òjò dídì lulẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá wà ní títì, nítorí náà bí wọ́n bá ti I-70 tàbí Loveland Pass, ẹ má bínú. Ní oṣù kẹta 2019, ìyalulẹ̀ já sórí I-70 lójú àwọn awakọ̀. Ní US 550, lọ́nà Red Mountain Pass, òkúta ìrántí wà fún àwọn awakọ̀ katakata ìgbálẹ̀ òjò dídì mẹ́ta tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní 1970, 1978 àti 1992. Mo máa ń rántí wọn bí mo bá rí katakata níwájú mi, mi ò sì ń fun hóònù mọ́ wọn.

Inú ọgbà síkì tí a ń sanwó wọ̀ ńkọ́?

Àwọn olùṣọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti òru, ewu rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ má ṣáà gba abẹ́ okùn tí wọ́n fi pààlà ọgbà jáde.

Nígbà tí oòrùn bá ti ń mú, ṣé ó ti parí?

Ó yí padà ni. Láti oṣù kẹrin, omi á máa ṣàn wọ inú òjò dídì, á sì máa tú ohun tó dì í mú. Òru tó bá dì dáadáa ló ń fún yín ní àárọ̀ tó dára. Ẹ gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti sọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń rì dé ojúgun, ó ti yá láti padà sílé.

Àwa tí a wà ní Britain ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Glasgow àti Aberdeen, ó kàn yín gan-an. Scottish Avalanche Information Service ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù fún àgbègbè mẹ́fà, bíi Glencoe, Lochaber àti àwọn Cairngorms. England náà ti rí i rí: ní Lewes, ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 1836, òjò dídì ya lu ilé, èèyàn mẹ́jọ sì kú. Ilé ọtí tó wà níbẹ̀ báyìí, Snowdrop ni wọ́n ń pè é.

Níbo ni mo ti lè kọ́ ọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Know Before You Go, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba wákàtí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ san owó AIARE 1, ẹ̀kọ́ ìpele kìíní nípa ìyalulẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n gé òpó òjò dídì kan, 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti ní òró, kí n gbé ṣọ́bìrì lé e, kí n máa lù ú: mẹ́wàá láti ọrùn ọwọ́, mẹ́wàá láti ìgúnpá, mẹ́wàá láti èjìká. Mo ń kà á jáde. Ní ìlù kẹrìnlá, láìsí ariwo kankan, gbogbo òkè òpó náà yọ̀ jáde wá sí àyà mi bí ẹni fa dúróà. Lábẹ́ rẹ̀, gaàrí náà ń dán.

Bí wọ́n bá wá gbà mí lórí òkè, èló ni wọ́n máa gbà?

Àwọn tó ń wá èèyàn lórí òkè Colorado, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yọ̀ǹda ara wọn, wọn kì í sì í gbowó ìgbàlà. Ọkọ̀ aláìsàn àti ilé ìwòsàn lè gbà, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò ní gbà. Mo fi èyí síbí torí pé mo mọ ìnáwó tó wà lọ́rùn wa àti bí a ṣe ń bẹ̀rù bíìlì. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa padà dé sílẹ̀ fún ẹnìkan nílé. Bí aago yẹn bá kọjá tí ẹ kò dé, kí ẹni yẹn pe 911 lójú ẹsẹ̀.